Ilé Tí Wọn Kì Í Tì

Oníkọ́kọ́rọ́ kó irinṣẹ́ rẹ̀ dání nígbà tó ń lọ sí ilé náà. Ó mú ayùn irin, ó mú òòlù, ó mú àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń ṣí ilẹ̀kùn tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù, ó kó gbogbo wọn sínú àpò aláwọ tó máa ń gbé kọ́ èjìká lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ lọ mú jáde. Òun nìkan ṣoṣo ló bí, nọ́ọ̀sì sì ni ọmọ náà. Kò pẹ́ tí ìyá rẹ̀ kú ló kó lọ bá àwọn kan tó ń gbé pọ̀ nínú ilé ńlá kan lẹ́yìn ọgbà ilé ìwé, kò sì wá sílé mọ́. Bí bàbá rẹ̀ bá pè é lórí fóònù, ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi ń dáhùn pé àlàáfíà ni òun wà. Ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn ló ń ba bàbá lẹ́rù. Ọmọ tí òun mọ̀, tó bá ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá, ará ìta á gbọ́.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ télọ̀, ló ń tì í lẹ́yìn pé kó lọ. Obìnrin yìí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

“Bọ̀dá, wọ́n ti tì í mọ́lé ni,” ló wí láìgbójú kúrò lórí maṣíìnì. “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣílẹ̀kùn fún tọmọdé tàgbà, ti ọmọ yín lẹ wá ń wò níran.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára dé egungun. Ó dìde, ó gbé àpò.

Géètì ilé náà ṣí sílẹ̀ fẹẹrẹ. Ó gba àárín àwọn òdòdó tí wọ́n ti gé dọ́gba kọjá, ó dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ojú oníṣẹ́ kì í ṣe ojú lásán, ibi tí àgádágodo máa ń wà ni ojú tirẹ̀ kọ́kọ́ lọ. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n ti yọ àgádágodo náà, wọ́n sì ti fi pákó pélébé dí ojú rẹ̀, wọ́n fá a, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà kan náà pẹ̀lú ilẹ̀kùn. Ó fi ìka kan ti ilẹ̀kùn náà, ó ṣí. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, yàrá wà lọ́tùn-ún, yàrá wà lósì, pákó pélébé kan náà sì wà lára gbogbo ilẹ̀kùn, títí kan ti ilé ìwẹ̀.

Ẹ̀rù bà á. Ká ní ó bá àgádágodo ńlá ńlá níbẹ̀ ni, ẹ̀rù ì bá má bà á, nítorí ó mọ ohun tí èèyàn ń ṣe sí àgádágodo.

Ọkùnrin sísanra kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń ṣa ẹ̀wà sínú abọ́. Dírẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù ni, orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ náà ni wọ́n sì ń pè é nínú ilé. Ó wo àpò aláwọ náà, ó wo ẹni tó gbé e.

“Bàbá, ṣé ẹ wá jalè ni àbí ẹ wá tún ilé ṣe? Tó bá jẹ́ olè ni, ẹ ò bá kọ́kọ́ jẹun.”

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ìjà nínú. Oníkọ́kọ́rọ́ ní ọmọ òun lòun wá wò. Wọ́n pè é, ó sì jáde wá pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, aṣọ ló ń fọ̀. Ara rẹ̀ dá, ó tilẹ̀ ti sanra díẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní kó múra kí wọ́n máa lọ.

“Kò sẹ́ni tó dì mí mú, Bàbá mi,” ni Nọ́ọ̀sì wí. Ó na ọwọ́ ọlọ́ṣẹ náà sí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, ó sì padà sídìí aṣọ rẹ̀.

Oníkọ́kọ́rọ́ dúró gbagidi sáàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú irin léjìká bí ẹni tó wá ja ogun tó bá ìlú tí wọ́n ti ń sùn lọ́sàn-án. Ojú tì í. Ibẹ̀ ni obìnrin kékeré kan ti wá bá a, ó wọ súwẹ́tà tó ti ṣá, ó gbé ife omi lọ́wọ́. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni obìnrin náà, òun ló ni ilé, Àǹtí sì ni gbogbo wọn ń pè é, ọmọdé wọn, àgbà wọn. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn ní láti tẹ̀ síwájú kó tó gbọ́. Ó fún un ní ìjókòó. Kò bi í léèrè ohun tó wà nínú àpò.

“Tí inú bá ń bí ìyàwó yín,” ló wí, “kí ni wọ́n máa ń ṣe?”

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyàwó rẹ̀, gbogbo ẹni tó wá kí i ló ń ní kó mọ́kàn le. Wọ́n ní ọ̀nà gbogbo wa nìyẹn, wọ́n ní ó ṣì kù fún un láti tọ́jú ara rẹ̀. Kò sí ẹnì kan tó béèrè irú èèyàn tí obìnrin náà jẹ́. Ó fẹ́ dáhùn ní ṣókí kó sì máa lọ. Ó ní tí inú bá ń bí i, ó máa ń gbálẹ̀ ni. Ilẹ̀ tó ti gbá tẹ́lẹ̀, á tún un gbá, tó bá dé ibi ẹsẹ̀ ẹni, á dúró tòun ti ìgbálẹ̀, kò ní sọ nǹkan kan, títí èèyàn á fi gbé ẹsẹ̀ sókè. Ó gbọ́ tí òun fúnra òun ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà kò lè dákẹ́ mọ́.

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń gbé àga wá lẹ́yọ lẹ́yọ, wọ́n fi yí i ká. Kò sẹ́ni tó ní kó pẹ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó wo aago. Ojú wọn wà lára rẹ̀ bí ojú ìyá lára ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Ó sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí: pé ní òwúrọ̀ tí obìnrin náà kú, ó di òun lọ́rùn ọwọ́ mú, ó ní kí òun má lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Òun sì ní oníbàárà kan ló gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù, òun á dé báyìí. Ìgbà tí òun máa dé, ọwọ́ tó di òun mú ti tutù.

Ó sunkún lójú àlejò. Wọ́n jókòó tì í títí omi ojú náà fi gbẹ, kò sì sẹ́ni tó kánjú.

Ó sọ fún àbúrò rẹ̀ pé òun á máa lọ síbẹ̀ láti fi ojú sí ọ̀rọ̀ ọmọ náà. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ilé tirẹ̀ ti dákẹ́ jù. Tó bá gbé ife kalẹ̀, òun nìkan ló ń gbọ́ ọ. Ní ilé ọ̀hún, tó bá ti ń wọlé báyìí, Dírẹ́bà á ti máa ké sí i láti ilé ìdáná pé ṣé olè àná tún ti dé, ẹlòmíì á ti sún fún un. Wọ́n ní àga kan tí wọ́n ń pè ní àga Bàbá. Tí kò bá wá, ẹnikẹ́ni kì í jókòó sórí rẹ̀.

Àṣà kan wà láàárín wọn. Ẹni tó bá fẹ́ di ara wọn, á yọ àgádágodo ilé tirẹ̀, á gbé e wá fún Àǹtí. Àǹtí ní ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ kò le: ìbànújẹ́ máa ń pa ẹni tó bá tìlẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, tí wọn ò bá rí káfíńtà, wọ́n máa ń fi òòlù já a ni, ilẹ̀kùn á bàjẹ́. Nísinsìnyí tí oníṣẹ́ ti dé àárín wọn, òun ni wọ́n ń rán lọ. Iṣẹ́ náà wù ú ṣe. Ó ń tú síkúrù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ń fi pákó dí ojú ihò, ó ń fá a títí ọwọ́ ò fi ní mọ ìyàtọ̀. Àwọn onílé á dúró tì í, wọ́n á máa wò ó. Ìyá arúgbó kan gba síkúrù ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dì í mú gan-in bíi pé wọ́n fẹ́ gbà á padà.

Nígbà tó yá, ó tú ti ilé ara rẹ̀.

“Ẹ gbà mí,” ni àbúrò rẹ̀ wí nígbà tó rí i. “Oníkọ́kọ́rọ́ tí ilẹ̀kùn tirẹ̀ ò ní kọ́kọ́rọ́! Bọ̀dá, ẹni tó bá fẹ́ fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ ò ní wá ọ̀rọ̀ lọ jìnnà mọ́.” Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú. Láti ọjọ́ yẹn kò jókòó pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ó ní ara òun kì í balẹ̀ nínú ilé tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀.

Ó sì ń rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí otútù mú Oníkọ́kọ́rọ́ tí kò lè lọ sọ́dọ̀ wọn, ó jí lójú oorun ọ̀sán, ó bá Dírẹ́bà lórí àga nínú yàrá ibùsùn, ó fi ọwọ́ lé orúnkún, ó ń wò ó.

“A ò rí yín lónìí,” ni Dírẹ́bà wí. “Àǹtí ní kí n má jẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ dá wà.”

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èèyàn mélòó ló ní ẹni tó ń wá òun bẹ́ẹ̀? Síbẹ̀, ó fa aṣọ ìbora mọ́ra. Kò mọ ìgbà tí ọkùnrin náà ti jókòó síbẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan ni wọ́n jókòó ti Dírẹ́bà fúnra rẹ̀. Ó sọ nídìí oúnjẹ pé òun fẹ́ lọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun fúngbà díẹ̀, pé ẹ̀gbọ́n náà ti ra ọkọ̀ tuntun, ó sì ń wá ẹni tí á wà á. Kò sẹ́ni tó ní kó má lọ. Wọ́n kó abọ́ kúrò nílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àga wá. Oníkọ́kọ́rọ́ gbé tirẹ̀ náà. Ó rò pé àdúrà ìrìn àjò ni wọ́n fẹ́ gbà.

Wọ́n dákẹ́, wọ́n ń wò ó. Dírẹ́bà dá àpárá kan, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó tún dá òmíràn. Nígbà tó ṣe, ẹnì kan sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ pé, “Dírẹ́bà, o sọ fún wa nígbà kan pé tó o bá ti jókòó sídìí ọkọ̀, o máa ń rí ọmọ tó o fi ọkọ̀ gbá yẹn.” Ẹlòmíì ní, “O ní bàtà ẹsẹ̀ kan lo rí lójú títì.” Ẹlòmíì ní, “Ta ló máa jí ọ tó o bá ń pariwo lójú oorun níbi tó ò ń lọ?” Kò sí ìbínú nínú ohùn ẹnì kankan. Gbogbo ohun tó ti sọ nínú ẹkún ni wọ́n ń gbé padà fún un níkọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń fi ṣíbí bọ́ aláìsàn. Oòrùn kúrò lójú fèrèsé kan, ó bọ́ sí ìkejì. Kò sẹ́ni tó dìde. Òógùn bo ojú ọkùnrin náà, lẹ́yìn náà ni ìtọ̀ rin ilẹ̀ lábẹ́ àga rẹ̀, olúkúlùkù wọn sì ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Oníkọ́kọ́rọ́ náà gbọ́ ohùn ara rẹ̀. “Dúró tì wá, ọ̀rẹ́ mi,” ló wí. Tinútinú ló fi sọ ọ́. Ẹ̀yìn ìgbà tó sọ ọ́ tán ni ẹ̀rù tó bà á.

Dírẹ́bà ní òun ò lọ mọ́. Wọ́n dì mọ́ ọn, wọ́n sunkún pẹ̀lú rẹ̀, Àǹtí sì fọwọ́ ara rẹ̀ bu omi fún un. Láti ọjọ́ náà, tí Oníkọ́kọ́rọ́ bá wọlé, kò sẹ́ni tó ń pè é lólè mọ́. Dírẹ́bà á kàn kí i káàbọ̀, á máa ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Nọ́ọ̀sì wá bá bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń nu abọ́. Ó ṣí omi ẹ̀rọ kó máa dà, kí ariwo rẹ̀ lè bo ọ̀rọ̀ wọn.

“Bàbá mi, mo fẹ́ kúrò níbí.”

Ó gbé abọ́ kalẹ̀.

“Ó ti pẹ́,” ni Nọ́ọ̀sì wí. “Ìgbà tí mo fẹ́ máa lọ lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Mo rí i pẹ́ ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kí n dúró nítorí yín.”

“Èmi?” ni bàbá wí. “Nítorí rẹ ni mo ṣe ń wá.”

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Omi ń dà. Nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn òun ti gbà láti gbé òun lọ sí ẹ̀ka wọn tó wà níbòmíràn, àwọn méjèèjì á jáde lówùúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi bí ẹni ń lọ ra nǹkan, àwọn ò ní padà. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnì kankan. Bàbá rẹ̀ ní òun gbọ́.

Kò ní in lọ́kàn láti sọ. Ẹni tó bá rò pé ó fẹ́ tú ọmọ rẹ̀ fó kò mọ ohun tí ilé yẹn ń ṣe fún ẹnu èèyàn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àǹtí bá a nínú ọgbà, ó gbé omi fún un, ó sì béèrè pẹ̀lẹ́ bó ṣe máa ń béèrè lójoojúmọ́ pé, “Bàbá, kí ló wà lọ́kàn yín lónìí?” Lójoojúmọ́ ló sì ń dáhùn. Ó ti mọ́ ọn lára bí ẹni ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde tán kó tó mọ̀ pé òun ya ẹnu. Àǹtí tún súwẹ́tà rẹ̀ fà mọ́ra. Ó ní òun dúpẹ́.

Nígbà tí ọjọ́ ìsinmi pé, Nọ́ọ̀sì gbé báàgì sọ́wọ́, ó bá bàbá rẹ̀ ní yàrá ńlá. Àga ti wà nílẹ̀ ní òbìrìkìtì. Ẹyọ kan wà láàárín. Àga Bàbá ni wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, tó jẹ́ pé orúnkún Oníkọ́kọ́rọ́ tó jókòó níbẹ̀ ló dí àyè tí èèyàn lè gbà kọjá. Ilẹ̀kùn náà ṣí gbayawu lẹ́yìn rẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i lọ́rùn.

Nọ́ọ̀sì wo ojú bàbá rẹ̀, ó sì mọ ẹni tó sọ. Kò bú u. Ó jókòó sáàárín, ó gbé báàgì lé itan.

Dírẹ́bà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kò gbójú sókè. “Nọ́ọ̀sì, o sọ fún wa pé ìyá rẹ pè ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà.” Obìnrin kan tẹ̀ lé e: “O ní o rí i tí fóònù ń tàn lápò aṣọ iṣẹ́ rẹ.” Ẹlòmíì ní, “O ní, wọ́n tún ti dé nìyẹn. O sì dá a padà sápò.”

Oníkọ́kọ́rọ́ yíjú sí ọmọ rẹ̀. Kò gbọ́ èyí rí. Nínú ilé tó kún fún ẹni tó ń tẹ́tí, ọmọ rẹ̀ ti sọ ọ́ fún gbogbo wọn, kò sì sọ ọ́ fún òun. Òun náà kò sì sọ tirẹ̀ fún ọmọ. Gbogbo àwọn tó jókòó yìí ló ti mọ̀ látọjọ́ yìí pé obìnrin kan náà di ọkọ lọ́wọ́ mú, ọkọ jáde. Ó pe ọmọ, ọmọ kò gbé e. Wọ́n ti mú un dání lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ń fi ọ̀kan mú bàbá, wọ́n ń fi ìkejì mú ọmọ.

Orí Nọ́ọ̀sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sórí báàgì. Àǹtí wo Oníkọ́kọ́rọ́. “Bàbá,” ló wí, “ẹ bá ọmọ yín sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ló máa gbọ́ sí lẹ́nu.”

Ó mọ ohun tí wọ́n ń retí. Dúró tì wá. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó sì dùn níbẹ̀.

“Èmi ni ìyá rẹ kọ́kọ́ bẹ̀,” ló wí.

Nọ́ọ̀sì gbójú sókè.

“Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n má lọ. Mo tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò, mo lọ ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kan. Ìgbà tí mo jáde ló tó pè ọ́. Ká ní mo wà ńlé ni, kò ní pè ọ́ rárá.”

Àwọn tó jókòó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Wọn kò mọ ibi tí wọn ó ti mú ọmọ náà mọ́. Nọ́ọ̀sì dìde. Ó dé iwájú bàbá rẹ̀, ó dúró, ó ń wò ó. Oníkọ́kọ́rọ́ ti retí pé á sunkún, tàbí pé á ní kò burú. Kò ṣe méjèèjì. Ó kàn ń wò ó ni, bí ẹni ń wo ẹni tí òun ò mọ̀ rí, ojú náà sì ń wọ inú rẹ̀ lọ. Oníkọ́kọ́rọ́ yí orúnkún sí ẹ̀gbẹ́. Ọmọ náà kọjá.

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láàárín òdòdó. Ó gbọ́ tí ẹsẹ̀ náà dúró nídìí géètì.

“Bàbá mi,” ni Nọ́ọ̀sì pè láti ìta. “Ẹ máa bọ̀.”

Kò sẹ́ni tó dì í mú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ṣáká, ilẹ̀kùn ṣí, irú pákó tí òun fúnra rẹ̀ ń fá ló wà lára rẹ̀. Ó sì fẹ́ dìde. Àmọ́ ó rí tábìlì ilé rẹ̀ lọ́kàn, òun lápá kan, ọmọ rẹ̀ lápá kejì, ojú yẹn láàárín wọn láàárọ̀, lálẹ́, títí ọjọ́ ayé. Kò sẹ́ni tó máa ń wò ó bẹ́ẹ̀ níbí. Níbí, ohun tó ṣe, wọ́n á máa dárí ẹ̀ jì í lójoojúmọ́, wọn ò sì ní yé sọ ọ́.

“Bàbá mi.” Ohùn náà ti sún mọ́ ilé. Ẹsẹ̀ ń padà bọ̀.

Àǹtí kò mira. Dírẹ́bà ti rọra gbé àga òfìfo àárín yẹn kúrò nílẹ̀, ó sì ti ń sún tirẹ̀ síwájú. Àwọn yòókù náà ń sún tiwọn. Oníkọ́kọ́rọ́ rí i pé tí ọmọ náà bá fi tún wọlé, kò ní jáde mọ́, nítorí òun ni á wá mú.

“Máa lọ,” ló ké sí i, kò wẹ̀yìn. “Mò ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ.”

Ẹsẹ̀ náà dúró. Ó pẹ́ kó tó tún rìn, nígbà tó sì rìn, ọ̀nà géètì ló kọrí sí. Ó tẹ́tí sí i títí kò fi gbọ́ ọ mọ́. Bóyá irọ́ lòun pa fún ọmọ náà, òun gan-an kò lè sọ.

Orúnkún Dírẹ́bà ti kan tirẹ̀. Àǹtí gbé omi lé e lọ́wọ́.

“Bàbá,” ni Dírẹ́bà wí pẹ̀lẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n, “ẹ sọ fún wa pé ọwọ́ ìyàwó yín ti tutù.”

Oníkọ́kọ́rọ́ mu omi náà. Ó gbé ife kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fa àga rẹ̀ wọ àárín wọn díẹ̀, kí wọ́n lè gbọ́ ọ dáadáa.